Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Hub Smart Home Yín Kó Má Bàa Dákẹ́ Bí Íńtánẹ́ẹ̀tì Bá Lọ

Ẹni tó ń fi fóònù tan iná yàrá rẹ̀ lè rò pé láti orí fóònù ni àṣẹ náà ti bọ́ sínú gílóòbù tààrà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ náà á gba inú ráútà jáde nílé, á dé orí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn àṣẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ti ilé iṣẹ́ tó ṣe gílóòbù, tó lè wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dá a padà pé kí iná tàn. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá dáa, ẹ ò ní mọ̀ pé ó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá lọ, ẹ̀yin àti gílóòbù á jọ wà nínú yàrá kan náà láìgbọ́ ara yín.

Hub ló yẹ kó yanjú èyí: àpótí kékeré kan tó wà nínú ilé, tó ń bá gílóòbù, swíìṣì, sẹ́ńsọ̀ àti àgádágodo ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo hub ló ń ronú fúnra rẹ̀. Òmíràn, ìránṣẹ́ lásán ni. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá sọ fún un, á gbé e lọ bá sáfà, á sì dúró de èsì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú ìtọ́sọ́nà yìí kò ju ẹyọ kan lọ: níbo ni wọ́n ti ń ṣe ìpinnu, nínú ilé ni àbí lókèèrè?

Kì í sì í ṣe ìgbà tí wáyà ilé yín bá já nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2021, àwọn sáfà Amazon ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà dàrú, Alexa, olùrànlọ́wọ́ olóhùn Amazon, àti kámẹ́rà Ring kò sì dá ọ̀pọ̀ èèyàn lóhùn, bẹ́ẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wọn ń ṣiṣẹ́ geere. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, sáfà Insteon, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ smart home, kú láìsí ìkìlọ̀ fáwọn oníbàárà. Àwọn tó so hub Insteon wọn mọ́ Home Assistant (ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ilé) nínú ilé ṣì rí iná wọn darí. Ti hub Revolv ló burú jù. Nest, tó jẹ́ ti Google, ra ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ọdún 2014, wọ́n pa sáfà rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, hub tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ rà sì di ẹrù lásán. Oògùn kan náà ló wà fún gbogbo rẹ̀: kí ìpinnu máa wáyé nínú ilé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yọ wáyà, kí ẹ wo ohun tó máa kú

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ilé yín ṣe rí. Ẹ mú ìwé àti bírò, torí pé fóònù fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ẹ fẹ́ dán wò.

Ẹ yọ wáyà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ráútà. Òun ni èyí tó wọ inú ihò tí wọ́n kọ WAN tàbí Internet sí. Ẹ má pa ráútà o! Wi-Fi yàtọ̀ sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ráútà tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń so fóònù, hub àti gílóòbù pọ̀ nínú ilé. Bí ẹ bá pa á, ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣì là sílẹ̀ lẹ dí yẹn. Bó bá jẹ́ pé wáyà fíbà ló wọ inú ráútà yín tààrà, ẹ má yọ ọ́, torí ẹnu rẹ̀ kì í fẹ́ ìdọ̀tí. Ẹ wọ ojú ewé ìṣètò ráútà, kí ẹ pa íńtánẹ́ẹ̀tì láti ibẹ̀. Èyí tó ń lo SIM, ẹ pa dátà rẹ̀ níbẹ̀ bákan náà.

Fóònù ló máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Bí fóònù bá rí i pé Wi-Fi kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ó lè fi í sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ kó bọ́ sórí dátà ara rẹ̀. Lójú rẹ̀, ó ti jáde nílé nìyẹn, áàpù á sì máa sọ pé hub kò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tí nǹkan kan kò ṣe hub. Torí náà, ẹ pa dátà fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí Android bá béèrè bóyá kó dúró sórí Wi-Fi tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbà fún un. Lórí iPhone, ẹ pa Wi-Fi Assist. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ará ilé pẹ̀lú, torí lọ́jọ́ tí ìṣòro gidi bá dé, ibí yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ há sí.

Ẹ wá dúró fún bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀rọ kan lè máa fi ohun tó rántí ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ kó tó mọ̀ pé sáfà ti lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ káàkiri: ẹ fi áàpù tan iná, ẹ fọwọ́ tẹ swíìṣì, ẹ kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ pe ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn, ẹ wo kámẹ́rà, ẹ dúró de ètò kan tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ní aago kan pàtó. Ẹ kọ èyí tó dáhùn àti èyí tó dákẹ́.

Ó ku ẹyọ kan, òun sì lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ pa hub, kí ẹ sì tún un tàn nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ò tíì dé. Hub mìíràn ń ṣiṣẹ́ dáadáa níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá pa á, àmọ́ bó bá kú tó sì fẹ́ jí, àfi kó rí sáfà kó tó lè dìde. Bí iná mọ̀nàmọ́ná àti íńtánẹ́ẹ̀tì bá jọ lọ, tí iná wá kọ́kọ́ dé, irú hub bẹ́ẹ̀ kò ní wúlò fún yín.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pín ohun tó wà nínú ìwé yín sí méjì

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kú: ilẹ̀kùn, iná àtẹ̀gùn àti ti ìta, sẹ́ńsọ̀ èéfín àti ti omi tó ń jò, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná tàbí tútù. Ohun tó lè dúró: ìròyìn ojú ọjọ́, orin, títan iná pẹ̀lú ohùn. Apá àkọ́kọ́ ni kí ẹ náwó lé. Èmi ò rí ìdí tí èèyàn fi máa ṣe wàhálà nítorí pé ẹ̀rọ olóhùn kò lè sọ ìtàn nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ èdè tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń sọ

Ẹ wo ara páálí rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Zigbee àti Z-Wave ń bá hub sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ rédíò tiwọn. Wọn kò lo Wi-Fi, wọn kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Zigbee ń lo 2.4 GHz. Z-Wave ń lo nǹkan bíi 868 MHz ní Yúróòpù àti 908 MHz ní Amẹ́ríkà, torí náà èyí tí wọ́n ṣe fún ibì kan kò ní bá hub ti ibòmíràn sọ̀rọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á. Thread sún mọ́ Zigbee, àmọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́ẹ̀sì IPv6 tirẹ̀ (nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá a mọ̀), ó sì nílò ẹ̀rọ kan tó máa so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, irú èyí tó wà nínú HomePod mini, ẹ̀rọ olóhùn Apple.

Matter, èdè àjọlò fún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi, dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Wọ́n ṣe é kó lè gba àṣẹ láti inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé láìsí sáfà, ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń so ẹ̀rọ tuntun mọ́ ọn, ẹ ṣe é nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, torí áàpù tí ẹ fi ń so ó lè béèrè fún un.

Wi-Fi ló ń kó èèyàn sí wàhálà. Irú méjì ló wà. Ọ̀kan ń gba àṣẹ nínú ilé: Shelly ní ojú ewé ìṣètò tirẹ̀ tí ẹ lè ṣí pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì IP rẹ̀, àwọn tó ń lo ESPHome tàbí Tasmota (ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gbé sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀) náà rí bẹ́ẹ̀. Ìkejì, tó pọ̀ lọ́jà tó sì máa ń dín owó, àfi kó bá sáfà ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ̀rọ̀ kó tó lè mira. Ní ojú, ẹ ò lè fi ìyàtọ̀ sí wọn. Wáyà tí ẹ yọ ní Ìgbésẹ̀ 1 ló ń tú wọn fó.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan hub tó ń ṣe ìpinnu nínú ilé

Home Assistant ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Paulus Schoutsen ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2013, ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi ló sì lè jókòó sí. Gbogbo ètò rẹ̀ wà nínú ilé yín. Ẹ lè ṣí i láti orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó wà lórí Wi-Fi ilé ní homeassistant.local:8123, kò sì béèrè àkáùntì lórí sáfà ilé iṣẹ́ kankan. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ sùúrù. Ẹni tí kò fẹ́ràn kí ó máa tún nǹkan ṣe lè kórìíra rẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ àpótí tí wọ́n ti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀, Hubitat Elevation ń ṣe ètò rẹ̀ nínú ilé, Zigbee àti Z-Wave sì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ gílóòbù nìkan lẹ ní, Philips Hue Bridge tó: ètò inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, áàpù rẹ̀ náà ń dáhùn níwọ̀n ìgbà tí fóònù bá wà lórí Wi-Fi ilé. Apple Home lo Apple TV tàbí HomePod gẹ́gẹ́ bíi hub, ètò rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láàárín ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Siri lè dákẹ́.

SmartThings, ti Samsung, wà láàárín méjì. Ètò tí gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń lo dráífà Edge (ètò tó ń jẹ́ kí hub fúnra rẹ̀ bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) lè ṣiṣẹ́ nínú hub, àmọ́ bí ẹyọ ẹ̀rọ kan tó ń gbára lé sáfà bá wọ inú ètò náà, ó ti di ti òkèèrè nìyẹn. Ní ti Echo (ẹ̀rọ tó ń lo Alexa) àti Google Nest, ohùn yín sábà máa ń lọ sórí sáfà kí wọ́n tó mọ ohun tí ẹ sọ. Ẹ lè máa lò wọ́n láti fi ohùn pàṣẹ, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ètò ilẹ̀kùn tàbí ti iná àtẹ̀gùn lé wọn lórí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kó ètò àdáṣe kúrò nínú áàpù, ẹ gbé e sínú hub

Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà. Ètò àdáṣe ni àwọn òfin bíi "bí ilẹ̀ bá ṣú, tan iná ìta" tàbí "bí ẹnì kan bá kọjá lóru, tan iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ díẹ̀". Èèyàn lè ra hub tó dáa kó sì fi ètò rẹ̀ sílẹ̀ síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, nínú áàpù Alexa tàbí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe gílóòbù. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, hub tuntun náà kò yí nǹkan kan padà. Ẹ ṣí áàpù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ òfin tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ tún un kọ sínú hub, kí ẹ sì pa ti àtijọ́ rẹ́ kí méjèèjì má bàa máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Bí ẹ ti ń kọ ọ́, ẹ tọ òfin kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Kí ló ń yẹ̀ wò? Kí ló ń darí? Sẹ́ńsọ̀ lè jẹ́ Zigbee, hub lè jẹ́ Home Assistant, síbẹ̀ bí gílóòbù tó wà lópin bá jẹ́ Wi-Fi olósáfà, iná kò ní tàn. Ìdènà mìíràn wà tó fara sin: òfin kan lè ní kí a kọ́kọ́ wo ojú ọjọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí a tó ṣí kọ́tìnì. Bí ìdáhùn kò bá dé, kọ́tìnì á dúró síbi tó wà. Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ inú ilé rọ́pò rẹ̀. Àkókò tí oòrùn máa wọ̀ kò ní wàhálà nínú, torí Home Assistant ń fi ibi tí ilé yín wà lórí máàpù ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Home Assistant tún ràn wá lọ́wọ́ ní ọ̀nà kan tí mo gbádùn: lójú ewé ìtọ́ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí Local Push tàbí Local Polling, inú ilé ló wà. Cloud Push tàbí Cloud Polling, sáfà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ka ìlà yẹn kí ẹ tó sanwó, ó sàn ju ìpolówó ara páálí lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣètò àdírẹ́ẹ̀sì àti aago

Ẹ wọ inú ráútà, kí ẹ ya àdírẹ́ẹ̀sì IP kan sọ́tọ̀ fún hub kó má bàa máa yí padà. Ibi tí wọ́n sábà máa ń kọ "DHCP reservation" sí ni. Ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà náà sára hub. Bí orúkọ homeassistant.local bá kọ̀ láti ṣí, nọ́ńbà yẹn á ṣí i.

Aago ni ọ̀rọ̀ tí kì í wá sí èèyàn lọ́kàn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ hub ti ń gba aago. Raspberry Pi 4 kò ní aago tó ní bátìrì tirẹ̀. Bí iná bá lọ tó sì dé nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò sí, kò ní mọ iye tí aago lù, iná ìta sì lè máa tàn lọ́sàn-án gangan. Pi 5 ní aago nínú, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa ra bátìrì sí i. Fún Pi 4, ẹ lè so ẹ̀rọ aago kékeré mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi ọ̀nà ọwọ́ sílẹ̀

Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ irin tàbí pátákó nọ́ńbà tó tọ́jú kóòdù sínú ara rẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé áàpù nìkan ló ń ṣí i, èmi ò ní fi sí ẹnu ọ̀nà ilé mi.

Ní ti iná, mo fara mọ́ swíìṣì ọlọ́gbọ́n ju gílóòbù ọlọ́gbọ́n lọ. Swíìṣì tó wà lára ògiri ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà bí hub fúnra rẹ̀ bá kú. Bí ẹ bá fẹ́ lọ síwájú sí i, Zigbee gbà kí ẹ so swíìṣì kan mọ́ gílóòbù kan tààrà, wọ́n ń pè é ní binding. Ti Z-Wave ń jẹ́ association. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so wọ́n, swíìṣì á máa bá gílóòbù sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ hub rárá. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló lè ṣe é, ẹ wo ìwé tó bá a wá.

Ìgbésẹ̀ 8: Iná mọ̀nàmọ́ná

Íńtánẹ́ẹ̀tì àti iná sábà máa ń jọ lọ. Ẹ fi UPS kékeré (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ) sábẹ́ hub àti ráútà, àwọn méjèèjì kì í jẹ iná púpọ̀, wọ́n á sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ tún rántí pé gílóòbù àti púlọ́ọ̀gì Zigbee tó wà lórí iná ló ń bá àwọn sẹ́ńsọ̀ oníbátìrì gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ hub. Bí iná bá lọ, sẹ́ńsọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun ilé lè má ní ẹni tó máa bá a gbé ọ̀rọ̀ mọ́ bí bátìrì rẹ̀ tiẹ̀ kún. Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ tó ṣe pàtàkì, bíi ti omi tó ń jò, sí ibi tó ti lè bá hub sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Nígbà tí ẹ ò bá sí nílé

Ohun kan wà tí hub inú ilé kò lè ṣe: bí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé bá lọ nígbà tí ẹ wà níta, ẹ ò lè rí ilé, ilé náà ò sì lè ránṣẹ́ sí yín. Bí èyí bá ń dùn yín, ẹ ra ráútà tó ń gba SIM, tó máa bọ́ sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí wáyà bá já. SIM náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní íńtánẹ́ẹ̀tì wáyà, kí ìṣòro kan má bàa pa méjèèjì. Kámẹ́rà yín, ẹ wá èyí tó ń gba káàdì tàbí tó ní RTSP (ọ̀nà tí kámẹ́rà ń gbà fi fídíò ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), kí ẹ lè gba fídíò rẹ̀ sórí ẹ̀rọ inú ilé; ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí á wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé.

Fún àwọn tó wà nílé, ẹ kọ òfin kékeré kan: kí hub máa fi Ping (ìránṣẹ́ kékeré tó ń wò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn) kan ilẹ̀kùn 1.1.1.1, àdírẹ́ẹ̀sì Cloudflare lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lóòrèkóòrè, bí kò bá dáhùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí gílóòbù kan yí àwọ̀ padà. Gbogbo ilé á mọ̀ pé íńtánẹ́ẹ̀tì ló lọ, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í pa ráútà tàn.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ tọ́jú ẹ̀dà, ẹ sì tún wáyà yọ

Ẹ ní kí hub máa ṣe ẹ̀dà ìṣètò rẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà náà sí orí kọ̀ǹpútà tàbí fláàṣì. Ẹ̀dà tó wà lórí hub nìkan, káàdì kan náà ló máa bá lọ bí káàdì bá bàjẹ́. Bí hub bá ní ẹ̀yà tuntun tí ó fẹ́ gbà, ẹ má jẹ́ kó gbà á fúnra rẹ̀ lóru. Ẹ ṣe ẹ̀dà ná, ẹ gbà á lọ́sàn-án nígbà tí ẹ ráyè, kí ẹ wá padà sídìí ráútà, kí ẹ yọ wáyà WAN, kí ẹ sì mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn jáde láti fi èsì tuntun wé ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń dáhùn tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀yà tuntun, ẹ lo ẹ̀dà láti dá hub padà sí ti àtijọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe.